Ìṣètò ìmọ́lẹ̀ àfọwọ́ṣe lórí kámẹ́rà díjítà

Ìṣètò ìmọ́lẹ̀ àfọwọ́ṣe ni ọ̀nà ìyafọ́tò nínú èyí tí onífọ́tò fúnra rẹ̀ ti ń yan iye ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò yóò ní, dípò kí kámẹ́rà yàn án fún un. Nǹkan mẹ́ta ni ó máa ń yàn: bí ihò lẹ́ńsì yóò ṣe fẹ̀ tó, iye àkókò tí ṣọ́tà yóò fi ṣí sílẹ̀, àti ISO, èyí tí ó ń sọ bí kámẹ́rà yóò ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gbà ga tó. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà, lẹ́tà M ni wọ́n fi ń ṣàmì ìlànà yìí lára bọ́tìnnì yíyí tí ó wà lókè kámẹ́rà.

Kámẹ́rà òde òní lè ṣe gbogbo ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ a sì máa dára lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń wọ̀n. Kò mọ̀ bóyá aṣọ funfun ni ó wà níwájú òun tàbí aṣọ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ bí ojú ẹni tí ó ń yà ṣe dúdú tó gan-an. Níbi tí ìṣirò kámẹ́rà bá ti ta ko ohun tí ojú ènìyàn ń rí, ìṣètò àfọwọ́ṣe ni ó ń fún onífọ́tò ní àṣẹ láti pinnu. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ nínú fọ́tò àwọn adúláwọ̀ àti níbi ayẹyẹ tí kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì.

## Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di fọ́tò

Nínú kámẹ́rà díjítà ni sẹ́ńsọ̀ wà. Ó jẹ́ pátákó kékeré kan tí ó kún fún mílíọ̀nù àwọn ojú kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Ojú kọ̀ọ̀kan a máa sọ ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gbà di agbára iná mànàmáná, kámẹ́rà a ka agbára náà, a sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nínú fọ́tò JPEG, nọ́ńbà wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti 0, tí ó dúró fún dúdú pátápátá, ó sì parí sí 255, tí ó dúró fún ìmọ́lẹ̀ tí ó ga jù.

Ojú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí ó lè gbà lọ, yóò kún, èyí tí ó bá tún bọ́ sí i lẹ́yìn náà kò ní yí nọ́ńbà rẹ̀ padà mọ́. Ibi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ yóò funfun báláú láìsí àmì iṣẹ́ ọnà ara aṣọ tàbí ìlà ojú kankan, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kò sì lè dá ohun tí a kò gbà sílẹ̀ padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù ńkọ́? A lè fi kọ̀ǹpútà mú ibi tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ẹ́rún bí iyanrìn yóò yọ jáde lára àwòrán náà. Láàárín ewu méjèèjì yìí ni iṣẹ́ ìṣètò ìmọ́lẹ̀ wà.

## Ìtàn

Ìṣètò àfọwọ́ṣe ti wà ṣáájú ti aládàáṣe. Nígbà tí wọ́n kéde ọ̀nà ìyafọ́tò Louis Daguerre ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1839, onífọ́tò ní láti fi ojú wọn ìmọ́lẹ̀, kí ó ṣí lẹ́ńsì, kí ó dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, kí ó sì tún un dé. Ìrírí nìkan ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ní ọdún 1932, ilé-iṣẹ́ Weston ní Amẹ́ríkà mú ọ̀kan lára àwọn mítà ìmọ́lẹ̀ oníná àkọ́kọ́ jáde, èyí tí onífọ́tò ń mú lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1940, Ansel Adams àti Fred Archer, tí wọ́n ń kọ́ni ní Art Center School ní Los Angeles, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Zone System. Wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ láti dúdú pátápátá dé funfun pátápátá sí ìpele-ìpele, kí onífọ́tò lè pinnu ìpele tí ojú ènìyàn, ilé tàbí àwọsánmà yóò bọ́ sí kí ó tó tẹ kámẹ́rà rárá. Orí èrò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣètò àfọwọ́ṣe ṣì dúró lé.

Ní ọdún 1963, kámẹ́rà Topcon RE Super bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó gba inú lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ wọlé. Ní 1976, Canon AE-1 fi kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú kámẹ́rà láti máa bá onífọ́tò ṣe apá kan ìṣirò náà. Ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, ní 1975, Steven Sasson, tí ó jẹ́ ẹnjiníà ní Kodak, ti ṣe kámẹ́rà díjítà kan tí ó ń gba fọ́tò dúdú-àti-funfun sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó ń gbà á láti kọ fọ́tò kan ṣoṣo sílẹ̀.

Kámẹ́rà díjítà mú kí ẹ̀kọ́ yìí rọrùn sí i. Fíìmù 35 mm tí ó wọ́pọ̀ jù kò gbà ju fọ́tò 36 lọ, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kí onífọ́tò tó mọ̀ bóyá ó ṣe é re. Lórí kámẹ́rà díjítà, àbájáde ń hàn lójú ẹsẹ̀, àṣìṣe kò sì ná ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní owó fíìmù.

## Àwọn nǹkan mẹ́ta tí ó ń darí ìmọ́lẹ̀

### Ihò lẹ́ńsì

Inú lẹ́ńsì ni àwọn abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n sì ń pa dé láti sọ ihò àárín wọn di ńlá tàbí kékeré. Nọ́ńbà tí a fi f/ ṣáájú ni a fi ń pe bí ihò náà ṣe tóbi tó. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ ni f/1.4, f/2, f/2.8, f/4, f/5.6, f/8, f/11, f/16 àti f/22.

Ohun tí ó máa ń rú ẹni tí ó ń kọ́ ọ lójú ni pé nọ́ńbà kékeré dúró fún ihò ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà jẹ́ èyí tí a fi ń pín gígùn fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì. Lórí lẹ́ńsì 50 mm, f/2 túmọ̀ sí ihò tí ó fẹ̀ tó 25 mm, nígbà tí f/8 túmọ̀ sí ihò tí kò ju 6.25 mm lọ.

Ihò lẹ́ńsì tún ń pinnu bí ohun tí yóò hàn kedere nínú fọ́tò ṣe jìn tó. Ní f/1.8, ojú ẹni tí a ń yà lè hàn kedere kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì di bàìbàì. Ní f/11, ẹni náà àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè jọ hàn kedere. Fún fọ́tò ẹbí tí àwọn kan jókòó, tí àwọn kan dúró sẹ́yìn wọn, f/5.6 tàbí f/8 sàn ju f/1.8 lọ, kí ojú àwọn tí ó wà lẹ́yìn má baà bàjẹ́.

### Ìyára ṣọ́tà

Ṣọ́tà ni ìlẹ̀kùn tí ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé orí sẹ́ńsọ̀. Ìdá ìṣẹ́jú-àáyá ni a fi ń ka àkókò tí ó fi ń ṣí: 1/30, 1/60, 1/125, 1/250, 1/500, 1/1000 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà púpọ̀ kì í kọ ìdá náà tán. 250 tí ó bá hàn lójú rẹ̀ túmọ̀ sí 1/250.

Ṣọ́tà ni ó ń pinnu bí ohun tí ó ń rìn yóò ṣe rí. Ní 1/1000, agbábọ́ọ̀lù tí ó fò sókè yóò dúró gbọnin nínú fọ́tò. Ní 1/30, ọwọ́ onílù tí ó ń lu dùndún yóò di òjìji tí ó ń sáré, nígbà tí ara ìlù náà lè hàn dáadáa. Ọwọ́ onífọ́tò pàápàá a máa mì. Ìlànà àtijọ́ kan sọ pé kí ìyára ṣọ́tà má ṣe lọ sílẹ̀ ju ìdá kan gígùn lẹ́ńsì lọ: 1/60 fún lẹ́ńsì 50 mm, 1/250 fún lẹ́ńsì 200 mm. Lẹ́ńsì tàbí kámẹ́rà tí ó ní ìmúdúró a máa jẹ́ kí ènìyàn lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìmúdúró yìí kò lè dá ẹni tí ó ń jó dúró.

Iná abẹ́ òrùlé náà ní ti rẹ̀. Ní Nàìjíríà àti ní Benin, iná mànàmáná ìjọba ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù fluorescent àti àwọn LED kan ń mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń rẹlẹ̀ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú ènìyàn kì í rí i. Ṣọ́tà tí ó yára gan-an lè rí i, fọ́tò kan yóò wá mọ́lẹ̀, èkejì yóò ṣú, tàbí kí ìlà dúdú gba àárín àwòrán kọjá. Lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, 1/50 tàbí 1/100 ni ó máa ń fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

### ISO

ISO ni òṣùwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ gbà ga tó. Orúkọ náà wá láti ara àjọ àgbáyé tí ó ń ṣètò òṣùwọ̀n, èyí tí ó so òṣùwọ̀n fíìmù ti Amẹ́ríkà, ASA, pọ̀ mọ́ ti Jámánì, DIN, ní ọdún 1974. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ni 100, 200, 400, 800, 1600, 3200, 6400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá fi sẹ́ńsọ̀ wé garawa tí a gbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ihò lẹ́ńsì ni bí a ṣe ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà tó, ìyára ṣọ́tà sì ni iye àkókò tí a fi ṣí i. ISO kò sí nínú àfiwé yìí, nítorí kì í fi omi kankan kún garawa. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń gbé ga, ó sì ń gbé àwọn ẹ̀ẹ́rún tí ó wà nínú rẹ̀ ga pẹ̀lú. Nítorí èyí ni fọ́tò ISO 6400 ṣe máa ń ní ẹ̀ẹ́rún ju ti ISO 100 lọ. Síbẹ̀, fọ́tò tí ó ní ẹ̀ẹ́rún díẹ̀ ṣì ṣeé lò. Èyí tí ó bàjẹ́ nítorí pé ṣọ́tà lọ́ra jù kò ní àtúnṣe.

## Ìpele ìmọ́lẹ̀

Àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lo òṣùwọ̀n kan náà, èyí tí a lè pè ní *ìpele*. Ìpele kan túmọ̀ sí kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kí ó dín sí ìdajì. Láti 1/250 sí 1/125 jẹ́ ìpele kan sókè. Láti f/8 sí f/5.6 jẹ́ ìpele kan sókè, bẹ́ẹ̀ náà sì ni láti ISO 100 sí ISO 200. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́tìnnì yíyí bá dún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìpele, tí ó fi jẹ́ pé ìdún mẹ́ta ni ó pé ìpele kan.

Nítorí pé òṣùwọ̀n wọn dọ́gba, ohun tí a bá yọ lára ọ̀kan ni a lè fi kún òmíràn. Ní ISO 100, gbogbo ìṣètò wọ̀nyí ń fún fọ́tò ní ìmọ́lẹ̀ kan náà:

| Ihò lẹ́ńsì | Ìyára ṣọ́tà |
|---|---|
| f/16 | 1/125 |
| f/11 | 1/250 |
| f/8 | 1/500 |
| f/5.6 | 1/1000 |
| f/4 | 1/2000 |

Ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba, àmọ́ fọ́tò wọn kò rí bákan náà. Ti òkè yóò hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti ìsàlẹ̀ yóò dá ohun tí ó ń sáré dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì rọ̀. Yíyan ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ onífọ́tò.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú àtẹ náà ni àwọn onífọ́tò mọ̀ sí òfin oòrùn 16: bí oòrùn bá ń ràn gan-an, kí a lo f/16, kí ìyára ṣọ́tà sì sún mọ́ ìdá kan nọ́ńbà ISO. Bí ìkùukùu fẹ́lẹ́ tàbí eruku ọyẹ́ bá bo oòrùn díẹ̀, f/11 ni. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, f/8. Bí ó bá ṣú dẹ̀dẹ̀, f/5.6; ní ibòòji ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, f/4. Ẹni tí ó bá mọ òfin yìí sórí lè fura nígbà tí mítà kámẹ́rà bá ń ṣì í lọ́nà.

## Mítà ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ eérú

Nínú ìlànà M, mítà kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń fi àbá rẹ̀ hàn lórí ìlà kékeré kan tí 0 wà láàárín rẹ̀, tí ìyọkúrò wà ní apá kan, tí ìròpọ̀ wà ní apá kejì. Bí àmì bá wà ní 0, kámẹ́rà gbà pé ìmọ́lẹ̀ tó. Bí ó bá wà ní -1, ó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ fi ìpele kan dín. +1 sì túmọ̀ sí pé ó fi ìpele kan lé.

Ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń dá padà ni mítà yìí ń wọ̀n. Wọ́n ṣe é lórí ìgbàgbọ́ pé, bí a bá po gbogbo ohun tí ó wà nínú fọ́tò pọ̀, yóò sún mọ́ àwọ̀ eérú agbedeméjì. Káàdì eérú tí àwọn onífọ́tò ń lò fún ìdí yìí ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí i padà. Ìgbàgbọ́ náà ṣiṣẹ́ fún ojú pópó, ọgbà àti ọjà, níbi tí dúdú àti funfun ti dàpọ̀. Bí ohun kan bá gba fọ́tò tán, ó di ìṣòro. Mítà tí a kọ sí aṣọ funfun nìkan yóò ní kí a dín ìmọ́lẹ̀ kù títí funfun yóò fi di eérú. Bí a bá kọ ọ́ sí aṣọ dúdú nìkan, yóò ní kí a fi kún un títí dúdú pẹ̀lú yóò fi di eérú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀:

* wíwọn gbogbo fọ́tò, níbi tí kámẹ́rà ti ń pín àwòrán sí apá púpọ̀, tí ó sì ń fi wọ́n wé ara wọn;
* wíwọn àárín jù, níbi tí àárín fọ́tò ti ní ẹ̀tọ́ ju etí rẹ̀ lọ;
* wíwọn ojú kan, níbi tí kámẹ́rà ti ń wo ibi kékeré kan péré, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí iwájú orí ẹni.

Ọ̀nà mìíràn ni mítà ọwọ́ tí a ń gbé sí ibi tí ẹni tí a fẹ́ yà dúró sí, kí a lè wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ̀ wá sí ara rẹ̀. Àwọ̀ aṣọ àti àwọ̀ ara kò lè tan irú mítà bẹ́ẹ̀ jẹ.

## Àwọ̀ ara àti aṣọ

Nínú fọ́tò àwọn adúláwọ̀, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mítà ti ń le jù. Ara tí ó dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó àwọ̀ eérú agbedeméjì. Léèsì funfun, sùtánà àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun àti aṣọ àwọn olùsìn Ọbàtálá ń dá èyí tí ó ju ìyẹn lọ dáadáa padà. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé nínú fọ́tò kan, bí ó ti máa ń rí níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìjọsìn, mítà a máa gbọ́ ti aṣọ ju ti ojú lọ, nítorí aṣọ ni ó gba àyè jù. Yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni tí ó wọ aṣọ náà yóò sì ṣú débi pé ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò ní hàn.

Ìṣètò àfọwọ́ṣe ń tún èyí ṣe ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ síra:

* Bí funfun bá pọ̀ nínú fọ́tò, a ó gbé àmì mítà sí +1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ ihò ara léèsì kí ó má baà di funfun báláú.
* Bí aṣọ ìkélé dúdú tàbí òru bá yí ẹni náà ká, a ó gbé àmì sí apá ìyọkúrò, bóyá -1, kí ojú má baà mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.
* Bí a bá wọn ojú kan lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ó dúdú gan-an, a ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí -1. Bí a bá fi í sí 0, awọ ara rẹ̀ yóò di èyí tí ó mọ́lẹ̀ ju ti ẹni tí ó ni ín lọ.

Yorùbá ti ní orúkọ fún ìyàtọ̀ tí onífọ́tò ní láti mọ̀. *Adúmáadán* ni ẹni tí ó dúdú tí ara rẹ̀ ń dán. *Apọ́nbéporé* ni ẹni tí ó pupa bí epo. Lójú adúmáadán, dídán ara ni ó ń fi bí iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ hàn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ńlá tí ó rọ̀, bí èyí tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀gbẹ́, dára fún un. Ìṣètò gbọ́dọ̀ pa dídán yìí mọ́ láìjẹ́ kí ó di àbààwọ́n funfun. Bí adúmáadán àti apọ́nbéporé bá jọ dúró, ìṣètò kan ṣoṣo kò lè ṣe ìdájọ́ fún àwọn méjèèjì. A ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tí ó dúdú jù súnmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, lẹ́yìn náà ni a ó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Láti àárín ọ̀rúndún 20, àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ń lo káàdì Kodak kan tí wọ́n ń pè ní Shirley card láti ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n sì ń tún àwọ̀ fọ́tò gbogbo ènìyàn ṣe sí. Lorna Roth, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Kánádà, ti ṣe ìwádìí lórí ipa tí èyí ní lórí fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní àwọn ọdún 1990 ni Kodak mú káàdì tí ó ní àwọn obìnrin aláwọ̀ ara oríṣìíríṣìí jáde. Ní ọdún 2021, Google fi ètò kan tí ó pè ní Real Tone sínú fóònù Pixel 6, kí fóònù náà lè ya àwọ̀ ara dúdú bí ó ti rí.

Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà kò dúró de àtúnṣe yìí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014) bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968 láti máa ya irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin ní fọ́tò dúdú-àti-funfun. Irun dúdú lórí awọ dúdú ni kókó ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ irun àti òwú tí wọ́n fi dì í ń hàn ketekete nínú wọn.

## Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀

Ìgbésẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ nìyí:

1. A ó yí bọ́tìnnì sí M, a ó sì pa ISO aládàáṣe. Bí a bá fi í sílẹ̀, kámẹ́rà yóò máa yí ISO lẹ́yìn onífọ́tò.
2. A ó pinnu ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú fọ́tò náà: ṣé ìrìn ni, tàbí bí ẹ̀yìn yóò ṣe hàn tó?
3. Bí ó bá jẹ́ ìrìn, ìyára ṣọ́tà ni a ó kọ́kọ́ yàn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ihò lẹ́ńsì ni.
4. A ó yan èkejì, lẹ́yìn náà a ó gbé ISO títí àmì mítà yóò fi dé ibi tí *a fẹ́*, èyí tí kì í ṣe 0 nígbà gbogbo.
5. A ó ya fọ́tò ìdánwò kan, a ó sì wo histogram rẹ̀, ìyẹn àtẹ tí ó ń fi bí dúdú àti funfun ṣe pọ̀ tó hàn. Bí òkè rẹ̀ bá rọ́ mọ́ ògiri apá ọ̀tún, ibì kan ti di funfun báláú.
6. Bí ó bá ti dára, a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yóò fi yí padà.

Ìgbésẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn ni èrè ńlá ìlànà M. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò yí padà, onífọ́tò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/2.8, 1/100 àti ISO 3200, kí ó ya fọ́tò ìdánwò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa lò ó lọ. Ẹbí ọkọ lè wọ aṣọ búlúù tí ó jinlẹ̀, kí ẹbí ìyàwó wọ àwọ̀ wàrà; ojú gbogbo wọn yóò ní ìmọ́lẹ̀ kan náà láti fọ́tò àkọ́kọ́ dé èyí tí ó kẹ́yìn. Kámẹ́rà aládàáṣe ìbá máa yí padà pẹ̀lú aṣọ kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá fi fláàṣì kún un, nǹkan yí padà díẹ̀. Fláàṣì a máa tàn fún ìgbà kúkúrú gan-an, nítorí náà ìyára ṣọ́tà ń darí ìmọ́lẹ̀ inú gbọ̀ngàn nìkan, nígbà tí ihò lẹ́ńsì àti ISO ń darí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í jẹ́ kí ṣọ́tà yára ju nǹkan bí 1/200 tàbí 1/250 lọ pẹ̀lú fláàṣì lásán. Bí ó bá kọjá ìyẹn, apá kan fọ́tò yóò dúdú.

## Kíkọ́ ọ

Ó rọrùn láti kọ́ nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó dà wọ́n pọ̀. Àwọn ìdánrawò wọ̀nyí kò nílò ohun èlò olówó ńlá:

* Ìgò lórí ìlà. A ó to ìgò márùn-ún, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, a ó dojú lẹ́ńsì kọ ẹ̀kẹta, a ó sì yà wọ́n ní f/2.8, f/5.6 àti f/16. Iye ìgò tí ó hàn kedere yóò máa pọ̀ sí i.
* Omi ẹ̀rọ. A ó ya omi tí ń dà ní 1/1000, 1/125 àti 1/15. Omi náà yóò bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀kán tí ó dúró sínú afẹ́fẹ́, yóò sì parí bí òwú.
* Aṣọ dúdú, aṣọ funfun. A ó fi ìlànà aládàáṣe ya aṣọ dúdú kan tí ó kún inú fọ́tò, lẹ́yìn náà aṣọ funfun. Àwọn méjèèjì yóò jáde bí eérú. A ó wá lo M láti dá dúdú padà sí dúdú, kí a sì dá funfun padà sí funfun.
* Àfojúdíwọ̀n. Kí a tó gbé kámẹ́rà sójú, a ó sọ ìṣètò tí a rò pé ó yẹ, lẹ́yìn náà a ó fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdánwò kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ni ó ń fi hàn pé 0 orí mítà jẹ́ àbá lásán.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa lé àmì mítà sí 0 nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fọwọ́ ṣe ohun tí kámẹ́rà ìbá ti yára ṣe fúnra rẹ̀. Àṣìṣe mìíràn ni gbígbẹ́kẹ̀lé ojú kámẹ́rà nìkan: lábẹ́ oòrùn, fọ́tò tí ó dára lè dà bí èyí tí ó ṣú, nínú òkùnkùn, èyí tí ó ṣú lè dà bí èyí tí ó dára. Histogram kì í yí padà pẹ̀lú ibi tí a ti ń wò ó.

## Ìgbà tí kò pọn dandan

Ìlànà M kì í ṣe àmì pé ènìyàn ti di ọ̀gá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí padà ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, bí ìgbà tí ìkùukùu ń bo oòrùn tí ó sì ń ṣí i, tàbí tí ọlọ́lá kan ń jáde láti inú ilé sí ìta láàárín èrò, ìlànà aládàáṣe lápá kan lè yára ju ọwọ́ lọ. Nínú ìlànà A, tí Canon ń pè ní Av, onífọ́tò ń yan ihò lẹ́ńsì, kámẹ́rà ń yan ṣọ́tà. Nínú S, tí Canon ń pè ní Tv, òdìkejì rẹ̀ ni. Onífọ́tò ṣì lè sọ fún kámẹ́rà pé kí ó fi ìpele kan kún ìṣirò rẹ̀ tàbí kí ó yọ ọ́. Ẹni tí ó ti kọ́ M ni ó máa ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun sọ bẹ́ẹ̀.

## Lórí fóònù

Lẹ́ńsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù kò ní ihò tí ó ń yí padà, nítorí náà ìyára ṣọ́tà àti ISO nìkan ni ó kù fún onífọ́tò láti yàn. Lórí àwọn fóònù Android kan, ìlànà tí wọ́n pè ní Pro ni ó ń ṣí wọn sílẹ̀. Lórí èyí tí kò ní in, a lè fi ìka tẹ ojú ẹni tí a fẹ́ yà, kí a sì fa àmì oòrùn tí ó bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìwà mítà inú fóònù kò yàtọ̀: ẹni tí ó wọ léèsì funfun tí ojú rẹ̀ ṣú nínú fọ́tò fóònù nílò àtúnṣe kan náà tí onífọ́tò ń ṣe lórí kámẹ́rà ńlá.

## Ẹ tún wo

* Kámẹ́rà
* Lẹ́ńsì
* Ìmọ́lẹ̀
* Ansel Adams
* J. D. 'Okhai Ojeikere